Ìmọ́lẹ̀, Dígí àti Ojú Oníṣòwò

Ẹni tí ó bá dúró létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi mọ́ díẹ̀, yóò rí ẹja bí ẹni pé ó súnmọ́ òkè ju bí ó ti rí lọ. (A kì í pa ẹja inú igbó Ọ̀ṣun, nítorí náà ojú lásán ni a fi ń wò ó.) Omi tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, bí a bá wò ó láti òkè, a ó rò pé kò ju 3 lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ó yà lọ́nà bí ó ti ń jáde láti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni dígí ń ṣe, ó sì ń ṣe é ju omi lọ. Nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ a máa rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú dígí, nǹkan bí 200,000 ni. Ẹ wo ẹni tí ń ti ọmọlanke láti orí ọ̀dà bọ́ sínú yanrìn. Bí ó bá dorí kọ yanrìn gan-an, ìrìn rẹ̀ yóò kàn falẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, táyà tí ó kọ́kọ́ kan yanrìn yóò falẹ̀ nígbà tí èkejì ṣì ń sáré, ọmọlanke yóò sì yí orí padà.

Dígí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní 2015, Akínwùmí Ògúndìran àti Akin Ìgè kọ̀wé lórí àmì iṣẹ́ dígí àwọn baba wa tí a wú jáde nínú igbó Ọ̀ṣun. Ìlẹ̀kẹ̀ ni tiwọn. Awò ojú ti ilẹ̀ Ítálì wá, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá.

Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú láyé àtijọ́, ìbá ti mọ iyì awò náà. Bí ènìyàn bá ti kọjá 40 ọdún, ẹyinjú a máa le, kò sì ní lè yí ìmọ́lẹ̀ ohun tí ó wà nítòsí tó mọ́. Nígbà náà ni a ń na ìwé àwìn jìnnà sí ojú. Dígí tí àárín rẹ̀ nípọn ju etí lọ ni ó ń bá ojú ṣe èyí tí ó kù.

Àwa náà ra irú rẹ̀ lọ́jà. Orí fọ́ wa fún ọjọ́ púpọ̀, kí a tó lọ yẹ ojú wò, tí a sì gbọ́ pé ojú ọ̀tún wa kò bá ti òsì dọ́gba. Dígí méjèèjì tí a rà, bákan náà ni wọ́n rí! Owó wa nìkan ni ó ṣòfò. Ẹlòmíràn ń pààrọ̀ awò lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ohun funfun ni ó ń bo ẹyinjú rẹ̀, èyí tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò. Èyí tí ó burú jù ni àrùn tí ń ba iṣan ojú jẹ́ láti inú, láìsí ìrora kankan. Ìríran tí ó bá ti mú lọ, kò sí dígí tàbí abẹ tí ó lè dá a padà.