Kíkọ́ Bí A Ṣe Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ya Ọnà Aṣọ Àránpọ̀: Ìlànà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ìfáàrà

Bí ahunṣọ bá parí iṣẹ́ lórí òfì, ohun tó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe aṣọ tó fẹ̀ tó ìbora. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni. Aránṣọ ni yóò gé e sí ìwọ̀n, tí yóò sì rán an mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó di ìró tàbí agbádá. Nítorí náà, kò ṣàjèjì sí Yorùbá pé aṣọ ńlá lè ti ara ègé kéékèèké jáde. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé a lè ya irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, kí a tò ó, kí a kùn ún ní àwọ̀, kí a sì mọ iye yáàdì tí yóò gbà, kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ rárá.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ẹni tí kò fọwọ́ kan irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ rí ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Èrò wa ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ gan-an ni ó ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Àìmọ ohun tí yóò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ni. Bí ó bá ti ní òye ohun mẹ́ta, ìyẹn ojú ọnà, ìtò àti àyè ìrán, ní èdè tó yé e, ìyókù kò ní í le fún un mọ́. A ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni aṣọ àránpọ̀?

Aṣọ tí à ń pè ní àránpọ̀ níhìn-ín ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní quilt. Ìpele mẹ́ta ni ó ní: ojú òkè tí a fi ègé oríṣiríṣi aṣọ rán pọ̀, òwú tí a tẹ́ pẹlẹbẹ sí àárín, àti aṣọ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ara wọn kí òwú má baà ṣùjọ sójú kan. A kò pè é ní aṣọ àbùlẹ̀, nítorí pé ihò ni a máa ń lẹ àbùlẹ̀ mọ́. Aṣọ àránpọ̀ kò bo ihò kankan. A mọ̀-ọ́n-mọ̀ gé ègé aṣọ kí a lè fi dá ọnà ni.

Àwọn obìnrin adúláwọ̀ kó ipa pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Inú oko ẹrú ni a bí Harriet Powers sí ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1837. Ó kú ní ọdún 1910. Ọ̀kan nínú aṣọ rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, èkejì sì wà ní Museum of Fine Arts ní Boston. Ní Gee's Bend, ìletò kan ní Alabama, àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú fi aṣọ oko tó ti gbó rán ìbora fún ìdílé wọn. Ní ọdún 2002, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ wọn ní ilé ọnà ńlá kan ní Houston. Nígbà tó sì di ọdún 2006, àwòrán aṣọ wọn di sítáǹbù ìjọba Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹni tó bá ti fojú sí aṣọ eégún dáadáa yóò ti rí ègé aṣọ olówó iyebíye oríṣiríṣi tí a rán pọ̀, tí etí òmíràn sì rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. A kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ohun tí à ń sọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ wa kò bá iṣẹ́ yìí pàdé bí àlejò.

Ètò EQ8

Ètò kọ̀ǹpútà tí a yàn fún àlàyé wa ni EQ8, ti ilé-iṣẹ́ Electric Quilt tó wà ní Bowling Green ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọdún 1991 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde. EQ8 fúnra rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2017. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti lórí Mac.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ibi tí a ti ń ya ojú ọnà. Èkejì ni ibi tí a ti ń to odindi aṣọ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n pè ní Sketchbook, tí àwa yóò pè ní àpò iṣẹ́. Àpò iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ohun tí a yà kò tíì di tiwa títí a ó fi sọ ọ́ sínú àpò, tí a ó sì fi gbogbo iṣẹ́ náà pamọ́. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti lè lọ láìkìlọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ di àṣà láti máa fi iṣẹ́ pamọ́ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ojú ọnà kan

Gẹ́gẹ́ bí àwọ̀n ti ní ojú, tí ojú kan sì jọ èkejì, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ àránpọ̀ púpọ̀ ṣe ní ojú ọnà. Ojú ọnà ni onígun mẹ́rin dọ́gba tí a ó máa ṣe ní àṣetúnṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí odindi aṣọ. Ojú ọnà kan ṣoṣo ni kí ó yà.

Èyí tó rọrùn jù lọ ni Nine Patch, ìyẹn ègé mẹ́sàn-án: ìlà mẹ́ta sọ́tùn-ún sósì, ìlà mẹ́ta sókè sódò. Bí ojú ọnà bá jẹ́ 12 íǹṣì, ègé kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 4 íǹṣì. Ègé márùn-ún yóò dúdú, mẹ́rin yóò funfun. EQ8 ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ọnà nínú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ya ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti mọ òfin kan tí kò ṣeé fò: ìlà gbọ́dọ̀ kan ìlà. Bí ìlà kan bá dúró láàárín ọ̀nà, ètò náà kò ní í kà á sí ààlà. Ègé méjì yóò di ẹyọ kan, àwọ̀ kan náà ni yóò sì gbà. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ìyàrá méjì tí a kò mọ ògiri àárín wọn parí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìtò

Bí ojú ọnà bá ti wà nínú àpò, a ó lọ sí ibi ìtò. A ó sọ fún ẹ̀rọ iye ojú ọnà tí a fẹ́ ní ìbú àti ní òró. Bí a bá fẹ́ márùn-ún ní ìbú, mẹ́fà ní òró, ojú ọnà 30 nìyẹn. Aṣọ náà yóò sì jẹ́ 60 íǹṣì ní ìbú, 72 íǹṣì ní òró.

Níbi ìtò ni kọ̀ǹpútà ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́ jù. Ẹ jẹ́ kí á wo ojú ọnà tí wọ́n ń pè ní Log Cabin. Onígun mẹ́rin kékeré kan ni ó wà láàárín, tí a wá fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká. Apá kan mọ́lẹ̀, apá kejì ṣókùnkùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọjú sí ibì kan náà, ọnà kan ni yóò yọ. Bí a bá yí àwọn kan padà, ọnà mìíràn pátápátá ni yóò hàn, bẹ́ẹ̀ a kò fi ègé kan kún un. Láti yẹ irú ìtò mẹ́wàá wò lórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gan-an lè gba odindi ọjọ́ kan. Ní ojú kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ wa mọ àṣírí yìí tipẹ́: onígun mẹ́rin ni wọ́n pín ojú aṣọ Ìbàdàndùn sí, wọ́n sì fi ọnà oríṣiríṣi kún un, títí kan òpó Gbọ̀ngàn Mápó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìwọ̀n àti àyè ìrán

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, òǹkọ̀wé iṣẹ́ yìí sì wà lára wọn. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò, àwọn ìró tí ìyá wa tó ti di olóògbé fi sílẹ̀ ni a fẹ́ fi ṣe ègé dúdú, kí ìbora náà lè jẹ́ ìrántí rẹ̀. A rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ègé jẹ́ 4 íǹṣì. A sì gé gbogbo ègé 270 ní 4 íǹṣì gẹ́lẹ́. Ìgbà tí a kó wọn dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ránṣọ ládùúgbò ni ó béèrè pé, "Olùkọ́, èwo lẹ fi sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ nínú èyí?" A dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà ló wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà yẹn kò tíì ránṣọ rí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Òtítọ́ ni ó sọ. Ìwọ̀n tó ń hàn nígbà tí a bá ń yàwòrán ni ìwọ̀n ègé lẹ́yìn tí a bá ti rán an tán. Bí a bá rán ègé méjì pọ̀, etí wọn yóò wọ inú. Nínú iṣẹ́ àránpọ̀, ¼ íǹṣì ni a máa ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí ni a pè ní àyè ìrán. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjì ni ègé ní ní ìbú, méjì ní òró, ½ íǹṣì ni a ó fi kún ìwọ̀n méjèèjì. Ègé 4 íǹṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ 4½ íǹṣì nígbà tí a bá ń gé e. Bí a bá sì fẹ́ gé onígun mẹ́rin sí onígun mẹ́ta méjì láti igun dé igun, ⅞ íǹṣì ni a ó fi kún un.

Ẹ wo ohun tí ½ íǹṣì lè ṣe. Ègé tí a gé ní 4 íǹṣì di 3½ íǹṣì lẹ́yìn rírán. Ojú ọnà di 10½ íǹṣì dípò 12. Aṣọ tó yẹ kó jẹ́ 60 íǹṣì sí 72 di 52½ sí 63. Ìbora wa kò kárí ibùsùn, a kò sì lè rí irú ìró bẹ́ẹ̀ rà lọ́jà mọ́.

EQ8 kò tan ni jẹ: bí a bá ní kí ó tẹ ìlànà gígé sí bébà, yóò fi àyè ìrán kún un. Àwa ni a kò béèrè. Ó tún lè sọ iye yáàdì tí a nílò, ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ ṣírò rẹ̀. Ègé dúdú 150 ni iṣẹ́ wa gbà. Bí aṣọ bá jẹ́ 42 íǹṣì ní ìbú, ègé 4½ íǹṣì mẹ́sàn-án ni yóò jáde nínú ìlà kan. Ìlà 17 ni a ó gé, èyí tó jẹ́ 76½ íǹṣì, ìyẹn yáàdì 2 àti ⅛. Ègé funfun 120 yóò gba ìlà 14, ìyẹn 63 íǹṣì tàbí yáàdì 1¾. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò yìí lẹ́ẹ̀kan yóò mọ̀ bí iye tí ẹ̀rọ mú wá bá ṣe déédéé.

Ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gé igi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ọmọdé ni kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ yìí. Kò mọ̀ pé adìrẹ tuntun lè máa yọ aró sára aṣọ funfun. Kò mọ̀ pé àwọn aṣọ òwú kan máa ń súnkì lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà, kí a fọ̀ wọ́n kí a tó gé wọn. Àwọ̀ tó sì ń tàn lójú kọ̀ǹpútà lè má rí bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Olùkọ́ tí kò ní EQ8 kò gbọdọ̀ tìtorí èyí dúró. Bébà onílà kéékèèké àti lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ tó láti kọ́ni ní ojú ọnà àti ìtò. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lásán lè lo Inkscape, ètò ìyàwòrán ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìṣirò àyè ìrán.

Ohun tó kan Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni èdè. Iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé "fi àyè ìrán sílẹ̀", yóò rántí abẹ́rẹ́, yóò sì mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá sọ gbólóhùn náà ní èdè tí kò yé e, yóò há a sórí fún ìdánwò, yóò sì gé aṣọ rẹ̀ ní 4 íǹṣì.

Àgbálọgbábọ̀

A ti ṣàlàyé pé ojú ọnà kan ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ó tò ó, kí ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà àti ìwọ̀n tí a ń gé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la pé kí ẹ dán ègé mẹ́sàn-án wò lórí bébà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì pe ìyá aránṣọ kan wá sí kíláàsì kí ẹnikẹ́ni tó gbé àlùmọ́gàjí.