Yàrá Àyẹ̀wò Nínú Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ẹnjiníà

Bí a bá bi ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ léèrè bí ó ti ṣe mọ ìgbà tí irin gbóná tó láti lù, kò ní mú ìwé jáde fún wa. Yóò sọ pé òun ti fẹ́ ẹwìrì títí ojú òun fi mọ àwọ̀ irin tí ó tó lù, àti pé ọ̀pọ̀ irin ni òun ti bàjẹ́ kí ojú òun tó mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè sọ ènìyàn di oníṣẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko.

A fẹ́ ṣe àlàyé níhìn-ín bí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, pàápàá ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè ní láàbù. Òtítọ́ ni pé àwọn ọmọdé ni àwa yóò máa kọ́, a kò sì ní kọ́ ẹnjiníà kankan. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí ó dojú kọ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni ó dojú kọ àwa náà: báwo ni olùkọ́ ṣe lè mọ̀ bóyá ẹni tí ó ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí ayékòótọ́ mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà?

Bí yàrá àyẹ̀wò ṣe dé inú ẹ̀kọ́ náà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ di ẹnjiníà a máa lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà nílẹ̀ wa. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà: ní ọdún 1794 ni a dá École Polytechnique sílẹ̀ ní Paris, ìmọ̀ ìṣirò sì jẹ́ òpó pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà tí a ó fi so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ọwọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá Massachusetts Institute of Technology ní Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1865, tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣe àkọlé rẹ̀ ní èdè Látìn. Ní ọdún 1878, Alexander Kennedy dá yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti lè fa irin títí yóò fi já, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí agbára rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àṣà yìí ti tàn kálẹ̀. Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, iṣẹ́ ẹnjiníà wà lára ohun tí a kọ́ ní Yaba Higher College, tí a ṣí gbangba ní ọdún 1934.

Ṣùgbọ́n kí yàrá wà jẹ́ ọ̀tọ̀, kí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀.

Àpẹẹrẹ kan: kọnkéré

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, kí a sì tú u wò dáadáa. Gbogbo wa mọ kọnkéré: sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi tí a pò pọ̀. Àwọn bíríkìlà a máa pò ó ní ọ̀kan sí méjì sí mẹ́rin, ìyẹn ni sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Omi ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kò ka omi sí, nítorí pé bí omi bá pọ̀, kọnkéré a máa ṣàn, ó sì rọrùn láti dà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1918, Duff Abrams, tí ó ń ṣe ìwádìí ní ìlú Chicago, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé bí omi bá ti ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n sí sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni agbára kọnkéré ń dín kù. Ìdí rẹ̀ ni pé sìmẹ́ńtì kò nílò gbogbo omi náà láti fi le. Èyí tí ó ṣẹ́kù a máa gbẹ kúrò, a sì fi ihò tín-ín-tìn-ín sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Báyìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dán an wò. Wọn a kọ́kọ́ da kọnkéré tútù sínú agolo irin kan tí ó dà bí àrọ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 300, ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ 200, ti òkè sì jẹ́ 100. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn a máa dà á kún, wọn a sì fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25. Lẹ́yìn èyí wọn a fa agolo náà sókè jẹ́jẹ́, wọn a sì wọn bí kọnkéré náà ti rì tó. Èyí tí ó rì púpọ̀ ni ó rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà wọn a da ìyókù sínú àwọn àpótí irin tí igun gbogbo wọn dọ́gba, mílímítà 150 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì wọn a tú àpótí náà, wọn a sì kó àwọn kọnkéré náà sínú omi. Wọn a fọ́ díẹ̀ nínú wọn lábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọjọ́ 7, wọn a sì fọ́ ìyókù nígbà tí ó bá pé ọjọ́ 28.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ojú kọnkéré kan jẹ́ 150 lọ́nà 150, èyí tí í ṣe mílímítà onígun mẹ́rin 22,500. Bí ó bá gba agbára 450,000 Newton, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 46, kí ó tó fọ́, a ó pín 450,000 sí ọ̀nà 22,500, a ó sì rí i pé agbára rẹ̀ jẹ́ 20 Newton lórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà méjì láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà

A lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀nà méjì. Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, olùkọ́ a pín ìwé tí ohun gbogbo ti wà nínú rẹ̀: ìwọ̀n omi, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti èsì tí ó yẹ kí a rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a tẹ̀lé e ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀. Ẹnì kan a máa pò, ẹnì kan a máa kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn mẹ́jọ yòókù a fara ti ògiri. Bí èsì kò bá bá ti ìwé mu, wọn a wá ti àwọn tí ó ṣe é lọ́dún tí ó kọjá, wọn a sì dà á kọ.

Ní ọ̀nà kejì, olùkọ́ a pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ kéékèèké. Sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta wọn dọ́gba, omi nìkan ni ó yàtọ̀. Sí sìmẹ́ńtì kílógíráàmù 10, ẹgbẹ́ kìn-ín-ní gba omi kílógíráàmù 5, ìkejì gba 6, ìkẹta gba 7. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ́, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, inú ẹgbẹ́ kẹta a máa dùn, nítorí pé tiwọn ni ó ṣàn dáadáa jù lọ. Wọn a sì máa fi ẹgbẹ́ kìn-ín-ní tí ń làágùn ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, tiwọn ni ó kọ́kọ́ fọ́. Nígbà tí a bá kọ èsì gbogbo ẹgbẹ́ sójú pátákó, kò sí ẹni tí yóò tún gbàgbé ọ̀rọ̀ Abrams.

Nígbà mìíràn, ẹgbẹ́ kìn-ín-ní gan-an ni tiwọn a máa tètè fọ́. Olùkọ́ tí ó gbọ́n kò ní bínú. Yóò ní kí wọ́n la kọnkéré náà, kí wọ́n wo inú rẹ̀. Wọn a rí i pé ihò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ó gbẹ, wọn kò sì gún un dáadáa. Wọ́n ti kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé náà: kí omi pọ̀ jù kò dára, ṣùgbọ́n èyí tí omi rẹ̀ kéré ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí ní Èkó, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. A kò fẹ́ dá ẹjọ́ ilé náà níhìn-ín. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó kọ́ láti da èsì ẹlòmíràn kọ ní yàrá àyẹ̀wò ni a ó fi ilé lé lọ́wọ́ lọ́la.

Ẹ̀ṣẹ̀ àwa fúnra wa

Kí a má ṣe dà bí ẹni tí ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, a ó jẹ́wọ́ tiwa. Ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, a so òkúta mọ́ okùn tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, a sì ń ka ìṣẹ́jú-àáyá tí yóò fi lọ tí yóò fi bọ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Ìwé sọ pé 20 ni ó yẹ kí a rí. Àwa rí 18. A tún un ṣe, 18 náà ni. A wo ojú ara wa, a kọ 20.1 sílẹ̀ kí ó lè dà bí òtítọ́, olùkọ́ wa sì fún wa ní máàkì tí ó dára.

Ó pẹ́ kí a tó mọ ibi tí a ti ṣìnà. Nígbà tí a fi òkúta sílẹ̀ ni a ti ń pe “ọ̀kan”, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì lọ, kò sì tíì bọ̀. Nítorí náà nígbà tí a pe “mẹ́wàá”, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré ni ó ti lọ tí ó ti bọ̀. Bí àwọn bàbá wa ti ń ka ọjọ́ ọjà ni a ṣe kà á: wọn a ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, ọjà tí ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin yí ká, wọn a pè é ní ọjà ọrún. Kò sí àléébù nínú ìkà náà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò bá iṣẹ́ tí a ń ṣe mu. Bí a bá ti fi 18 náà sílẹ̀, tí olùkọ́ wa sì bi wá léèrè, ẹ̀kọ́ ńlá ni ìbá jẹ́ fún wa lọ́jọ́ náà. Irọ́ tí a pa ni ó gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ wa.

Ohun tí àwọn olùwádìí rí

Ní ọdún 2002, àwọn olùkọ́ ẹnjiníà pàdé ní San Diego ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì to ohun 13 jọ tí ó yẹ kí yàrá àyẹ̀wò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lílo ohun èlò ìwọ̀n wà níbẹ̀, ìtọ́jú ara kúrò nínú ewu wà níbẹ̀, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù lọ. Èkíní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú àṣìṣe. Àwa náà ń sọ pé ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èkejì ni òtítọ́ nínú àkọsílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ó lo ojú, etí, imú àti ọwọ́ ara rẹ̀ láti fi mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ní ọdún 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 225 jọ lórí bí a ti ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹnjiníà àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ 34 nínú 100 ni ó kùnà. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ronú tí wọ́n sì ń ṣe nǹkan fúnra wọn nínú kíláàsì, bí 22 ni. Nínú kíláàsì ọlọ́gọ́rùn-ún, ènìyàn méjìlá ni ìyàtọ̀ náà.

Bí ohun èlò kò bá sí ńkọ́?

Ẹnì kan lè sọ pé owó ni gbogbo èyí ń béèrè. Òtítọ́ ni. Nítorí èyí ni Jesús del Alamo ti ilé ẹ̀kọ́ Massachusetts tí a dárúkọ lókè ṣe bẹ̀rẹ̀, ní ọdún 1998, sí so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lè darí rẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tí ó bá wọn dòwò pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn ará Ifẹ̀ sì ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tiwọn. Ohun ìyìn ni èyí. Síbẹ̀, ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn kò lè gbọ́ òórùn wáyà tí ń jó, kò sì lè la kọnkéré kí ó wo inú rẹ̀. Ó dára láti fi kún iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò rẹ̀.

Ìparí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó tú ká lọ sí ilé ẹ̀kọ́ káàkiri, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ju pátákó àti ẹfun lọ. Ṣùgbọ́n kò sí abúlé tí kò ní okùn àti òkúta. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù fọwọ́ kàn án. Bí ọmọ kan bá sì mú 18 wá nígbà tí ìwé wí pé 20, ẹ má ṣe fi yẹ́ńkì pupa fà á dànù. Ẹ ní kí ó tún un kà sí yín létí. Máàkì tí ó yẹ kí a fún un ni ti òtítọ́ rẹ̀. Ìyókù yóò tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Bí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá rí ibi tí àlàyé wa ti kù díẹ̀ káàtó, a bẹ̀ yín kí ẹ tọ́ wa sọ́nà. Ní ti okùn àti òkúta náà, a ti padà lọ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, “òdo” ni a sì fi bẹ̀rẹ̀ ìkà wa.