ÀGBÀ TÍ Ó JẸ ÀJẸÌWẸ̀YÌN: Àríyànjiyàn lórí Pàṣípààrọ̀ Agbábọ́ọ̀lù ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Bí a bá ti dárúkọ bọ́ọ̀lù nínú ọgbà wa yìí, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọkàn gbogbo wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2024, mo lo oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi ní ìlú Detroit, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé onígbàjámọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń mú mi lọ ní ọjọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ àríyànjiyàn tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ìjà ẹnu náà máa ń le tó bẹ́ẹ̀ tí onígbàjámọ̀ fi ń gbé abẹ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má baà ṣe ẹni tí ó ń fárí fún léṣe. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń jà lé lórí ju èyí lọ: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fi ọmọdé tí yóò wúlò lọ́la pààrọ̀ àgbà tí yóò wúlò lónìí?

Irú eré wo ni?

Béésìbọ́ọ̀lù ni orúkọ eré náà. Igi ni wọ́n fi ń gbá a, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì ju ohun tí ọwọ́ kan lè dì mú lọ. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ajubọ́ọ̀lù ìhà kan yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan láti ìhà kejì yóò di igi mú láti gbá a. Bí ó bá gbá a dáadáa, yóò sáré yí ibùsọ̀ mẹ́rin po. Bí ó bá padà dé ibi tí ó ti gbéra, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba àmì kan nìyẹn. Bí wọ́n bá ti lé ẹni mẹ́ta kúrò, ó di kí ìhà kejì wá gbá tiwọn. Ìpele mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń ṣe báyìí.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì jù lọ ni ajubọ́ọ̀lù. Apá rẹ̀ kò lè gbà kí ó máa jù lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ eré lónìí yóò sinmi fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nítorí náà ni ojúlówó ajubọ́ọ̀lù fi ṣọ̀wọ́n, òun sì ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń wá kiri jù lọ bí sáà bá dé ìdajì.

Sáà gígùn, ẹnu ọ̀nà tóóró

Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú líìgì ńlá wọn. Wọ́n pín in sí apá méjì, ẹgbẹ́ 15 ní apá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì tún pín apá kọ̀ọ̀kan sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 162, láti ìparí oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án. Láti ọdún 2022, ẹgbẹ́ 6 ní apá kọ̀ọ̀kan ni ó ń wọ ìdíje àṣekágbá: àwọn mẹ́ta tí wọ́n ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn, àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ṣe dáadáa jù lọ nínú àwọn ìyókù. Ipò mẹ́ta ìkẹyìn yìí ni ó ń dá ogun sílẹ̀, nítorí pé ẹgbẹ́ tí kò lè borí ìsọ̀rí tirẹ̀ ṣì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ kan ṣe jìnnà sí èkejì tó, wọn yóò wo ìyàtọ̀ tí ó wà nínú iye eré tí wọ́n borí, wọn yóò fi ìyàtọ̀ tí ó wà nínú iye tí wọ́n pàdánù kún un, wọn yóò sì pín in sí méjì. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti borí 60, tí ó pàdánù 45, tí èkejì sì borí 56, tí ó pàdánù 49, eré 4 ni èkejì fi wà lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò tún máa ń ṣe ju èyí lọ. Wọn a jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbá ìyókù sáà náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, wọn a sì ka iye ìgbà tí ẹgbẹ́ náà wọ àṣekágbá. Bí ó bá wọlé ní ìgbà 2,000 nínú 10,000, wọn a ní ìrètí rẹ̀ jẹ́ 20 nínú 100. Iye yìí a máa yí padà lójoojúmọ́. Ṣebí àwọn baba wa náà ni wọ́n sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Ọjọ́ tí ọjà ń tú

Ọjọ́ kan wà, ní ìparí oṣù Keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, tí ọjà pàṣípààrọ̀ máa ń tú. Ní ọdún 2024, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Keje ni. Títí di ọdún 2018, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà tí ẹgbẹ́ lè gbà ṣe pàṣípààrọ̀ nínú oṣù Kẹjọ pàápàá, ṣùgbọ́n wọ́n ti dí i láti ọdún 2019.

Níhìn-ín ni eré yìí ti yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí a mọ̀. Ní ti àfẹsẹ̀gbá, owó ni ẹgbẹ́ kan sábà máa ń kó fún èkejì. Ní ti béésìbọ́ọ̀lù, ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi pààrọ̀ ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí ó ń retí àṣekágbá ni olùrà. Yóò kó àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń tọ́ lọ́wọ́ ní líìgì kékeré sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ìrètí rẹ̀ ti tán ni olùtà. Yóò fi àgbà tí àdéhùn rẹ̀ fẹ́ parí sílẹ̀, yóò sì kó àwọn ọ̀dọ́ náà. Ẹgbẹ́ tí ó wà láàrin méjì ni ìyọnu bá, nítorí kò mọ̀ bóyá kí òun rà tàbí kí òun tà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni Detroit Tigers, tí í ṣe ẹgbẹ́ ìlú tí mo wà, ní ọdún 2024.

Ọgbẹ́ ọdún 1987

Bàbá arúgbó kan wà ní ilé onígbàjámọ̀ yẹn, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Kò sí bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò ní padà sí ọdún 1987. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Detroit gba Doyle Alexander lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Atlanta Braves. Ajubọ́ọ̀lù ni, ọmọ ọdún 36. Wọ́n sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ 20 ọdún, rọ́pò rẹ̀. John Smoltz ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìpínlẹ̀ Michigan níbẹ̀ ni, Detroit sì ni ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn láti kékeré. Ní líìgì kékeré tí ó wà nígbà náà, eré tí ó pàdánù pọ̀ ju èyí tí ó borí lọ. Nítorí náà kò jọ pé ohun ńlá ni wọ́n fi sílẹ̀.

Kí a sọ òtítọ́, Alexander kò já wọn kulẹ̀ ní ìyókù sáà yẹn. Eré 9 ni ó borí, kò pàdánù ẹyọ kan. Ní ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn, Detroit na Toronto lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, wọ́n sì fi eré 2 péré gba ipò kìíní mọ́ wọn lọ́wọ́. Bàbá yìí ní òun jó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Minnesota Twins nínú àṣekágbá, eré méjì tí Alexander bẹ̀rẹ̀ ni ó pàdánù, wọ́n sì lé Detroit sílé. Lẹ́yìn sáà 1989, Alexander kò gbá líìgì ńlá mọ́.

Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Smoltz lo ohun tí ó ju ogún ọdún lọ nínú líìgì ńlá. Ó borí eré 213, ó wà nínú ẹgbẹ́ Atlanta tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ní ọdún 1995, ó gba àmì-ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní apá tirẹ̀ ní ọdún 1996, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn àgbà-ọ̀jẹ̀ ní Cooperstown ní ọdún 2015. Bàbá yìí kì í dá orúkọ rẹ̀ dúró pè láìmí kanlẹ̀. Èmi náà rántí òwe wa pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí kò gba ọ̀rọ̀ bàbá gbọ́. Tirẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń pa ohun gbogbo mọ́ dọ̀la, ebi ni yóò pa á kú. Ẹ̀rí tí ó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ni Chicago Cubs. Láti ọdún 1908, ẹgbẹ́ náà kò gba ife-ẹ̀yẹ World Series. Nínú oṣù Keje ọdún 2016, wọ́n kó ènìyàn mẹ́rin fún New York Yankees, Gleyber Torres, ọ̀dọ́ tí gbogbo ayé ń yìn, sì wà nínú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà: Aroldis Chapman, ajubọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí ní òpin sáà náà. Ní oṣù Kọkànlá, Chicago gba ife náà lẹ́yìn ọdún 108. Chapman padà sí New York kí ọdún tó parí, Torres sì di gbajúmọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ta ni ní Chicago tí yóò ní kí wọ́n gba ife náà padà? Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó so èso méjì. Ohun tí ó bí àríyànjiyàn yìí nìyẹn: ọjọ́ tí a ń ná ọjà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ti Detroit ni yóò jẹ́ tàbí ti Chicago.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2024, Detroit fi Jack Flaherty, ọ̀kan nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn tí ó dára jù, fún Los Angeles Dodgers. Ọ̀dọ́ méjì, Trey Sweeney àti Thayron Liranzo, ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti fi Tarik Skubal, ọ̀gá gbogbo ajubọ́ọ̀lù wọn, sílẹ̀. Awakọ̀ wa bínú. Ó ní àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ti ta ìrètí ìlú. Bàbá ní wọ́n ṣe é dáadáa, pé fún ìgbà àkọ́kọ́, Detroit ni ó ń gba ọmọ, kì í ṣe òun ni ó ń fi ọmọ sílẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní kí èmi àlejò dá ẹjọ́. Mo fi ẹnu mi kọ: mo ní sáà yìí ti kú, kí wọ́n tètè sin ín. Mo ní bí wọ́n bá wọ àṣekágbá, èmi ni yóò san owó orí àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, eré 55 ni wọ́n ti borí, wọ́n ti pàdánù 63. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ní ìrètí wọn kò tó 1 nínú 100. Láti ọjọ́ kejì ni ayé bá yí. Nínú eré 44 tí ó kù, wọ́n borí 31. Sweeney, ọmọ tí wọ́n fi Flaherty gbà, wà lórí pápá pẹ̀lú wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2014, Detroit wọ àṣekágbá, wọ́n sì na Houston Astros níbẹ̀. Cleveland Guardians ni ó dá wọn dúró nínú eré karùn-ún. Ẹ gbọ́ ẹni tí ó ṣe é: Lane Thomas, tí Cleveland ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pàṣípààrọ̀ gbà ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ni ó gbá bọ́ọ̀lù Skubal jáde kúrò nínú pápá nígbà tí ènìyàn mẹ́ta wà lórí ibùsọ̀. Àmì mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Flaherty ní tirẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú Los Angeles, ó sì padà sí Detroit fúnra rẹ̀ nínú oṣù Kejì ọdún 2025.

Mo san owó orí méjèèjì. Bàbá jàre pé kí wọ́n tà, awakọ̀ jàre pé ìrètí ṣì wà, èmi nìkan ni mo jẹ̀bi.

Ènìyàn ni wọ́n ń pààrọ̀

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá gbójú fò, nítorí a mọ ohun tí títa ènìyàn jẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals fi Curt Flood, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀dúdú tí ó ti sìn wọ́n fún ọdún 12, fún Philadelphia láìbi í léèrè. Nígbà náà, ẹgbẹ́ tí ó ni agbábọ́ọ̀lù ni ó ni ín títí dìgbà tí ó bá wù wọ́n. Flood kọ̀, kò lọ. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ọ̀gá àgbà líìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ó ní òun kì í ṣe ẹrù tí a lè máa rà kí a máa tà láìka ohun tí òun fẹ́ sí. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ní ọdún 1972, adájọ́ 5 lòdì sí i, 3 gbè é lẹ́yìn. Ó pàdánù, iṣẹ́ rẹ̀ sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1973, ẹni tí ó bá ti lo ọdún 10 nínú líìgì ńlá, tí ó sì ti lo 5 tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, lè kọ pàṣípààrọ̀. Nígbà tí ó sì di òpin ọdún 1975, ìdájọ́ mìíràn tú àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdè àtijọ́ náà.

Ọ̀dọ́ tí kò tíì lo ọdún 10 kò ní àǹfààní yìí. Ìpè kan ni yóò dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ lọ sí ìlú tí kò mọ ẹnì kan. Àwọn baba wa ní ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹrú náà, ọmọ ni nílé ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo ìṣirò tí à ń ṣe ní ilé onígbàjámọ̀, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí mọ́ ọn. Èmi náà kò kà á, àfi ìgbà tí bàbá arúgbó yẹn sọ pé Smoltz ìbá ti wà nílé láàrin àwọn ẹbí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn ta ni kí wọ́n rà, ta ni kí wọ́n tà, kì báà jẹ́ ní Detroit tàbí níwájú pátákó ìwé ìròyìn nílé wa níhìn-ín, ẹ bá wọn jiyàn, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ṣírò. Ṣùgbọ́n ẹ má yára sin sáà tí kò tíì kú, ẹ má sì gbàgbé pé ilé ìyá ẹnì kan ni ẹni tí à ń pààrọ̀ ti wá. Ire o.