Bí Ojú Ọpọ́n Ìwẹ̀ Bá Bó, Ẹ Tètè Dí I

Ó lè jẹ́ ìgò lọ́fíńdà tó já bọ́ láti orí pẹpẹ, ó sì lè jẹ́ irin iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ púlọ́ńbà. Èyí ó wù kó jẹ́, ojú ọpọ́n ìwẹ̀ ti bó níbì kan. Ọ̀pọ̀ ayálégbé a máa fojú fo irú àpá bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó jáde, tí onílé á sì yọ owó rẹ̀ nínú owó kọ́ṣọ̀n wọn.

Bí ọpọ́n náà bá jẹ́ oní-fáíbágíláàsì, ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹwà lọ. Ìpele tó ń dán lójú rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní gelcoat, sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju mílímítà kan lọ. Òun ló ń dáàbò bo òwú gíláàsì tí wọ́n fi résìn lẹ̀ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti bó, omi á máa gba ibẹ̀ yọ́ wọlé.

Nítorí náà, gbígbẹ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ lọ máa fi garawa wẹ̀ níbòmíràn fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Garawa kò kúkú ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tó fi résìn bo ojú tó ṣì tutù dà bí ẹni tó di ojú egbò lé ọyún lórí.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyíká ibẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ń tẹ̀ wọlé, tí ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn sì yí i ká, kò sí ohun tó gbé ọpọ́n dúró níbẹ̀ ni. Ohun yòówù tí ẹ fi dí i yóò tún là, àfi kí púlọ́ńbà kọ́kọ́ wá nǹkan tì í lábẹ́.

Bí ibẹ̀ bá le, ẹ fi sánpépà 220 ha á, kí ẹ fi asitóònù nù ún. Àwọn tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà mọ́tò ṣe mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gelcoat àti kátálíìsì rẹ̀. Gíráàmù 1 sí 2 kátálíìsì ló sábà máa ń tó gíráàmù 100. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò, nítorí kátálíìsì lè fọ́ni lójú. Ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Bí wọ́n bá ta accelerator mọ́ ọn, ẹ má ṣe da òun àti kátálíìsì pọ̀ tààrà láéláé: ó lè bú gbàmù.

Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ fi dí i yọ sókè díẹ̀, kí ẹ fi láílọ́ọ̀nù bò ó, torí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ le. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sánpépà olómi 400, 600 àti 1000 dán an, kí ẹ wá fi ìpara tí wọ́n fi ń dán ara mọ́tò parí rẹ̀. Àwọ̀ ló máa ń ṣòro jù: funfun ọpọ́n tó ti pẹ́ kì í ṣe funfun inú agolo.