Ìgbọ̀nrìrì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀: Okùnfà Rẹ̀ àti Orúkọ Rẹ̀

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni àwọn baba wa sọ ọkọ̀ yìí, nítorí pé ó ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Gbági, ní Ìbàdàn, a máa ń rí ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé dígí rẹ̀ ń dún. Kí ni ó ń fà á? Ọ̀rọ̀ wo ni ó sì yẹ kí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè lò fún un?

Iná ni okùnfà kìn-ín-ní. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin dà bí odó tí ènìyàn mẹ́rin ń gún iyán nínú rẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Lẹ́yìn ìyípo méjì-méjì ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbiná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kan yóò gbiná ní ìgbà 400. Àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì jẹ́ 1,600. Bí púlọ́ọ̀gì kan bá kú, tàbí tí nọ́súlù kan dí tí epo kò kọjá, 1,200 ni yóò kù. Àlàfo yìí ni ó ń gbọn ọkọ̀. A dábàá *ìtàsé iná* fún un, nítorí pé ọdẹ tí ọfà rẹ̀ kò ba ẹran ni a ń sọ pé ó tàsé.

Okùnfà kejì ni *ìjókòó ẹ́ńjìnnì*, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ẹ́ńjìn sítì. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí kì í gbọ̀n. Rọ́bà inú ìjókòó rẹ̀ ni ó ń gba ìgbọ̀n náà mọ́ra. Bí rọ́bà náà bá ya, ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá yóò dé ara ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì rárá. Ọkọ̀ tí kò gbọ̀n nígbà tí ó dúró, ṣùgbọ́n tí ó ń mì jìgìjìgì nígbà tí ó bá ń sáré lẹ́yìn Gbági Tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, táyà rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bóyá ìwúwo rẹ̀ kò dọ́gba yípo.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi *ìgbọ̀nrìrì* mọ sí ti ẹ́ńjìnnì, kí a sì fi *ìmìjìgì* sílẹ̀ fún ti táyà. Bí ìwé wa bá kọ “ọkọ̀ ń mì” fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ iṣẹ́ yóò ra púlọ́ọ̀gì ní ọjà Àràròmí nígbà tí ó jẹ́ pé rọ́bà ni ó ya. Owó oníbàárà yóò ṣòfò, àìsàn ọkọ̀ yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.