Agbẹ́lẹ̀wò, Ẹlẹ́rìí Abẹ́ Ilẹ̀

Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ tí kì í sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí a dà sí i lára tí kì í gbé mì. Epo rọ̀bì ni o, omi bátìrì ni o, oògùn apakòkòrò ni o, gbogbo rẹ̀ ni í mu, tí ojú rẹ̀ yóò sì tún gbẹ, tí koríko yóò hù, tí èrò ọ̀nà yóò máa wí pé ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ayé òde òní fi ní irú òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni tí ń lu ihò lásán, tí èmi sì ń pè ní agbẹ́lẹ̀wò: ẹni tí a rán lọ bi ilẹ̀ léèrè, tí ó sì gbọ́dọ̀ mú èsì bọ̀ láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ti wúwo tó, kí ó wo ilẹ̀ Ògóni ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Èrò kan wà tẹ́lẹ̀ pé amọ̀ tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ bí ẹní, pé epo tí ó bá dà sílẹ̀ kò lè ré e kọjá dé ibi omi. Nígbà tí àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé dé ibẹ̀, wọn kò fi ẹnu jiyàn: ihò 780 ni wọ́n gbẹ́ láti wa erùpẹ̀ jáde, wọ́n sì lu kànga àyẹ̀wò 142 mọ́ ọn. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 sọ pé kò sí amọ̀ kan tí ó tẹ́ káàkiri bẹ́ẹ̀, pé ní ibi 49, epo ti wọlẹ̀ tó mítà 5 ó kéré tán, àti pé àwọn ibi kan tí ojú wọn mọ́ ti bàjẹ́ kọjá sísọ nísàlẹ̀. Ní Nisisioken Ogale, epo tí a ti fọ̀ léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, omi yìí kan náà sì ni ó ń sun sínú kànga àwọn ará ìlú.

Wàyí o, ẹlòmíràn lè bèèrè pé, kí ni ó ṣòro nínú ihò lílu? Ṣé àwọn tí ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kò kún ìgboro Èkó àti Ìbàdàn ni? Wọ́n kún un, iṣẹ́ wọn sì dára, omi ni wọ́n sáà ń wá. Ẹni tí ń wá omi lè da ẹrọ̀fọ̀ sínú ihò kí ògiri rẹ̀ má bàa wó, ó lè fi atẹ́gùn líle fẹ́ èérún àpáta jáde, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́. Agbẹ́lẹ̀wò tí ó bá dán irú rẹ̀ wò ti ba ẹ̀rí jẹ́: ẹrọ̀fọ̀ yóò po àjèjì mọ́ erùpẹ̀, atẹ́gùn yóò sì gbé benzene, májèlé inú epo, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí í fò lọ bí òórùn lọ́fínńdà, ilé àyẹ̀wò yóò wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ kò sì mọ́.

Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi í ro imú. Bí ìbàjẹ́ náà kò bá jìn, ìlu àfọwọ́yí tó o ṣe: irin kan ni tí ó ní ẹnu bí ago nísàlẹ̀ àti ọ̀pá ìdábùú lókè, tí ọkùnrin méjì ń yí wọ ilẹ̀ títí apá yóò fi máa ro wọ́n, ó ń dé mítà mélòó kan, ó sì ń wọ ibi tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sínú yanrìn abẹ́ omi, ihò a máa wó lé e lórí. Bí a bá fẹ́ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ ni í gbé irin ńlá tí ara rẹ̀ lọ́ bí ìwo àgbò, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, tí ọ̀pá mìíràn ń gba inú rẹ̀ lọ bu erùpẹ̀ tí irin náà kò tíì fọwọ́ kàn. Òkìtì erùpẹ̀ tí ó ń hú jáde kì í sì í ṣe ohun à-dà-sígbó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀pá tí kì í yí rárá, tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ tí ó sì ń fi òòlù gbá wọlẹ̀, tí ike tí ó mọ́ gaara wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ike náà tí wọ́n là á, ilẹ̀ yóò tò sílẹ̀ níwájú wọn ní ìpele-ìpele, dúdú, pupa, àti ibi tí epo gbé dúró sí. Àpáta ni agbára rẹ̀ kò ká. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń gbọn irin jìnnìjìnnì wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ooru rẹ̀ sì lè lé benzene lọ bí a kò bá ṣọ́ ọ.

Àgbà nínú iṣẹ́ yìí kì í ti inú ihò kan bọ́ sí òmíràn láìfi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ irin rẹ̀, bí agbẹ̀bí tí ń fọ ọwọ́, kí epo ihò àkọ́kọ́ má bàa ba ìkejì lórúkọ jẹ́. Kíá ni wọ́n ń di erùpẹ̀ sínú ìgò, tí wọ́n ń kọ orúkọ ibi, bí ó ti jìn tó àti aago sí i lára, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú yìnyín. Gbogbo ọwọ́ tí ó bá sì gbà á títí dé ilé àyẹ̀wò ní láti buwọ́ lùwé.

Èyí tí ó bani lẹ́rù jù ni ihò fúnra rẹ̀. Bí ó bá la amọ̀ tí ó ti dá májèlé dúró láti ọdún gbọọrọ kọjá, tí a sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹni tí a ní kí ó lọ wá olè ti ṣí ilẹ̀kùn fún olè dé orí omi. Nítorí náà, kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, wọn a ti páìpù kan dé ìdí ihò, wọn a sì rọ sìmẹ́ńtì àti amọ̀ tí í wú bí ó bá mu omi sí i, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, títí yóò fi kún dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fọ irin, tí wọn yóò kó o sọ́kọ̀, tí wọn yóò sì ka ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí ihò mìíràn yóò wà.