Ta ló máa san bíìlì iná iléeṣẹ́ tó ti kógbá sílé?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan wà lójú ọ̀nà Adó sí Ìjàn-Èkìtì. Gbèsè pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó kógbá sílé. Ilé ẹjọ́ yan liquidator, ìyẹn ẹni tó máa ta dúkìá, tó sì máa pín owó fáwọn tí iléeṣẹ́ náà jẹ. Ẹ ra ilé àti ẹ̀rọ. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ní kí àwọn oníná wá so wáyà padà, ni wọ́n bá gbé bíìlì ọdún mẹ́ta síwájú yín. Gbèsè tẹ́ ò jẹ o!

Iléeṣẹ́ àtijọ́ ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ògiri rẹ̀. Ọ̀dọ̀ liquidator ló yẹ kí oníná lọ tò sí, bíi ti ẹni tó ń ta ìyẹ̀fun fún wọn. Àmọ́ oníyẹ̀fun á kàn pariwo ni. Oníná ò ní pariwo, kò ṣáà ní so wáyà.

Ní Íńdíà, ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lẹ́ẹ̀mejì ní 2023. Ní 19 May, nínú ẹjọ́ K.C. Ninan, àwọn kan ti ra ilé ní gbàǹjo. Ilé ẹjọ́ ní tí ìlànà iná ibẹ̀ bá ti fàyè gbà á, oníná lè ní kí ẹni tuntun san gbèsè àtijọ́ kó tó rí iná. Ìwé gbàǹjo tó ní "bẹ́ ẹ ṣe bá a lẹ rà á" ò gba àwọn olùrà sílẹ̀. Ní 17 July, ẹjọ́ Raman Ispat dé. Gbèsè iná ti mú kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá iléeṣẹ́ náà, liquidator ò rí i tà. Ilé ẹjọ́ ní òfin gbèsè lágbára ju òfin iná lọ, kí oníná lọ tò.

Lójú tèmi, wọn ò tako ara wọn. Ọ̀kan dá lórí owó tó wà lọ́wọ́ liquidator, èkejì dá lórí ẹni tó ń wá iná.

Ìjọba tiwa náà mọ ewu yìí. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn iléeṣẹ́ PHCN lé àwọn tó rà wọ́n lọ́wọ́ ní 1 November 2013, NELMCO ni wọ́n ní kó ru gbèsè àtijọ́. Ibẹ̀ ni BEDC tó ń fún Èkìtì níná ti wá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ oníná nípa iye tó wà lórí mítà. Kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ta ló ni gbèsè tó wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ tẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀ láti so iná, láti 2024 ni NERC ti fi àbójútó ọ̀rọ̀ iná Èkìtì lé àjọ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́.